Ẹni Tó Ń Kànkùn Lọ́sàn-án Gangan

Òórùn kajú ni mo fi máa ń mọ̀ pé ọ̀sán ti dé ní ilé ìkẹ́rù wa ní Ọjà-Ọ̀dàn. Láàárọ̀, nígbà tí ìrì bá ṣì wà lórí páànù, àpò ìdọ̀họ nìkan ni imú rẹ máa bá pàdé, òórùn okùn tó ti pẹ́ nínú àjà. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti kan àtàrí, òróró inú èèpo kajú á jí, á máa ta ènìyàn nímú bí ìgbà tí wọ́n ń sun rọ́bà nítòsí afárá oyin. Lẹ́yìn ilé, níbi tí a ń da èso rẹ̀ sí lẹ́yìn tí a bá ti já kóró kúrò lára rẹ̀, àwọn ewúrẹ́ àdúgbò á ti jẹ èyí tó ti kan yó, wọ́n á máa rìn ségesège bí ẹni tó ti ibi ẹmu bọ̀. Inú òórùn yẹn ni ojú ti tì mí lọ́dún kan. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ ọ, ojú á kọ́kọ́ tì mí ná, kí n tó wá rántí ohun tó fà á.

Ìwọ náà mọ bí àwa ará ẹkùn yìí ṣe rí. Ààlà kò jìnnà sí wa. Ẹni tó jí ní Ijoun lè jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, kó sì padà wá jẹ tàṣálẹ́ nílé ìyá rẹ̀. Nítorí náà, a kì í fi bẹ́ẹ̀ bi ènìyàn pé níbo lo ti wá. Ohun tí a máa ń bi í ni pé, ọmọ ta ni ọ́? Iṣẹ́ tèmi nínú ẹgbẹ́ àwa olóko kajú nìyẹn. Wọn ò fi mí ṣe alága, mi ò sì kàwé tó ẹni tí wọ́n ń fi ṣe akọ̀wé. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Mo fi ẹsẹ̀ kan tẹ ilé ìwé gírámà, ẹsẹ̀ kejì kọ̀, ó ní òun ò lọ, ó sì wà lóko dòní olónìí. Ṣùgbọ́n mo mọ ènìyàn. Mo mọ ilé, mo mọ ìyá, mo mọ ẹni tí bàbá bàbá rẹ̀ jí ewúrẹ́ gbé. Wọ́n bá fi mí jẹ Onídùúró. Bí o bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́ wa, èmi ni màá dìde pé mo mọ̀ ọ́. Bí o bá wá ṣe jìbìtì, èmi ni wọn yóò kọ́kọ́ fà láṣọ.

Ìdúró orí ẹnu yìí ló ń bá wa bọ̀ kó tó di pé àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kó kajú tútù wọlé láti òdìkejì ààlà, wọ́n ń fi orúkọ wa tà á. Àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ wa sì ránṣẹ́ pé lọ́rì àwọn kò ní gbé àpò ẹnikẹ́ni mọ́, àfi ẹni tó bá dá àwọn lójú. Ibẹ̀ ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti bá wa dá sí i. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló kọ́, Ìlarò ló ń gbé, ọ̀kadà ló sì máa ń gùn wá bá wa. Ó ṣe ohun kan tí wọ́n ń pè ní sáfà fún wa, aṣọ́nà inú kọ̀ǹpútà. Alága wa ní ẹnu òun ò gba irú orúkọ bẹ́ẹ̀, ó sọ ọ́ ní Adènà, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní ìwé-ẹ̀rí kan nínú fóònù wọn, ìwé tí kò ṣeé fọwọ́ mú, tí kò sì ní agbára kankan àfi bí èmi bá fi fóònù tèmi fọwọ́ sí i. Bí o bá gbé kajú dé, fóònù rẹ á lọ kànkùn lọ́dọ̀ Adènà. Bó bá rí ìfọwọ́sí mi, ó ṣílẹ̀kùn, wọ́n wọn àpò rẹ, ó di ti lọ́rì. Bí kò bá rí i, o ò wọlé nìyẹn.

Mo ní, "Tí ẹni náà bá kúnlẹ̀ ńkọ́?"

Ọmọ náà ní, "Bàbá, kò ní ojú tó fi máa rí ìkúnlẹ̀."

"Tó bá ní òun mọ̀ mí láti kékeré?"

"Kò ní etí náà."

Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Ẹni tí kò ní ojú, tí kò ní etí, tí kò sì mọ ìtìjú ọmọlúàbí, òun ni wọ́n fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Mo ní a ti rí ọlọ́pàá.

Ó fún mi ní agbára kan sí i. Bí ẹnì kan bá kúrò nínú ẹgbẹ́, tàbí tó bá kú, mo lè fagi lé ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ lórí fóònù mi. Bí fóònù ẹni tí a ti fagi lé bá tún lọ kànkùn, Adènà á dá a padà, á sì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi kí n lè mọ̀. Nítorí tèmi, ọmọ náà kọ ọ̀rọ̀ yẹn ní Yorùbá. Inú mi dùn sí i nígbà náà. Ká ní Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́ ni, bóyá ǹ bá má ti lè kà á, bóyá ìtìjú yìí ì bá má tilẹ̀ ṣẹlẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo fagi lé ni Akápò ẹgbẹ́ wa, ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀nà Ijoun ni oko rẹ̀ wà. Ó fi díẹ̀ jù mí lọ ṣùgbọ́n ó gbà kí n máa pe òun ní "ìwọ", nítorí pé a jọ sá nílé ìwé lọ́jọ́ kan náà, wọ́n sì jọ nà wá. Àìsàn àyà ló ṣe é, kò sì pẹ́ lórí rẹ̀. Kí ọyẹ́ tó dé, a ti sin ín. Ìyàwó rẹ̀ gbé fóònù náà wá bá wa, ó fi gèlè dúdú wé e bí ẹni wé ọmọ tuntun, ó kó o lé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́. Mo ṣí orúkọ náà, "Akápò" ni wọ́n kọ síbẹ̀, torí oyè ni gbogbo wa fi ń wọlé. Bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń fagi lé ènìyàn pupa. Mo tẹ̀ ẹ́ bí ẹni pé èmi ni mò ń pa á lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tí obìnrin náà parí opó, kajú ti ń já. Ó kórè, ó sá a, ó kó àpò rẹ̀ wá sí ilé ìkẹ́rù wa, ó ní òun fẹ́ máa tà á ní orúkọ ara òun. A ò ní irú rẹ̀ rí, pé oko kan náà kúrò ní orúkọ ọkọ bọ́ sí ti ìyàwó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní òun máa tún Adènà ṣe kó lè gba irú ìyẹn, pé kí lọ́rì tó dé lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, ìwé-ẹ̀rí Màmá á ti wà nílẹ̀. Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ nìyẹn: bí ìwé náà bá jáde, kajú obìnrin yìí lọ, bí kò bá jáde, lọ́rì á fi í sílẹ̀, òjò àkọ́rọ̀ á sì bá àpò rẹ̀ nílẹ̀. Kajú tó bá ti gba omi, ewúrẹ́ pàápàá kì í wò ó.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo dá wà nínú ilé ìkẹ́rù. Òórùn kajú ti gba gbogbo yàrá, ọ̀nà dá páropáro, àwọn ọlọ́kadà ti lọ sábẹ́ igi. Fóònù mi dún. Mo wò ó. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà-gadagba pé: "A dá Akápò padà lẹ́nu ọ̀nà."

O mọ ohun tí àwọn àgbà wa máa ń sọ nípa ọ̀sán gangan, pé kí ọmọdé má jókòó sábẹ́ igi ńlá nígbà náà, pé ẹni tí òjìji rẹ̀ bá kúrú tó bẹ́ẹ̀, àwọn tí kò ní òjìji lè ṣì í mú. Mo ti máa ń fi àwọn tó gbà á gbọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, mo wo òjìji mi, ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bí ọmọ ajá. Mo ní, "Akápò, má bínú o, kì í ṣe èmi, Adènà ni." Mo ti gbàgbé pé èmi ni mo fagi lé e. Mo ki fóònù bọ inú àpò kajú kan, mo di ẹnu àpò náà, mo wá jókòó síta nínú oòrùn bí ẹni tí wọ́n lé jáde nílé ara rẹ̀. Àgbàlagbà bíi tèmi, tí mo ti fi àdá lé ejò rí, tí mo ti kọjá nínú igbó Afọ̀n lémi nìkan! Fóònù tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ló sọ mí di aláìnílé.

Lọ́jọ́ kejì, lọ́sàn-án, ó tún dún. Ọ̀rọ̀ kan náà. Mo sọ fún ara mi pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó tún dún. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n kí ni màá sọ fún un? Pé òkú ń pè mí? Ọmọ tó kàwé, á rẹ́rìn-ín. Ìtìjú kékeré yẹn ni mo sá fún tí mo fi lọ kó sínú ńlá. Mo gun ọ̀kadà, ó di Ijoun.

Mo bá obìnrin náà níbi tó ti ń yí láfún lórí ọ̀rá tó tẹ́ sínú oòrùn.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Onídùúró. Ṣé kò sí o? Ojú yín funfun."

"Ìyàwó wa, ọkọ rẹ ni."

Ó dúró. "Kí ló ṣe é?"

"Ó ń wá. Ẹnu ọ̀nà Adènà ló ń wá, lọ́sàn-án gangan, ojoojúmọ́. Adènà sì ń dá a padà."

Mo rò pé á ké, tàbí pé á lé mi. Kò ṣe ọ̀kankan. Ó rọra gbọn ìyẹ̀fun kúrò lọ́wọ́, ó jókòó sórí àpótí, ó wo ọ̀nà oko.

"Ṣé ó ń bínú ni?"

"Mi ò mọ̀."

"Kí ló wọ̀?"

Mo ní, "Fóònù kì í fi aṣọ hàn." Bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo mọ̀ pé ìdáhùn òmùgọ̀ ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ti já lù mí. Èmi, ibi tí màá sá gbà ni mò ń wò; òun, aṣọ ọkọ rẹ̀ ló ń béèrè.

Ó ṣe sàárà. Ó dín mọ́sà, ó pín in fún àwọn ọmọ ilé kéwú, àlùfáà ṣàdúrà, gbogbo wa ṣe àmín. Tèmi ròkè ju ti gbogbo wọn lọ. Mo padà sí Ọjà-Ọ̀dàn pẹ̀lú ìbàlẹ̀ ọkàn. Lọ́jọ́ kejì, lọ́sàn-án gangan, fóònù dún: "A dá Akápò padà lẹ́nu ọ̀nà." Mọ́sà kò tó o, àdúrà kò tó o.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe ohun tí mo ṣe. Mo sọ fún ara mi pé ó tilẹ̀ burú. Èmi ni mo dúró fún ọkùnrin yìí níjọ́ kìíní, èmi ni mo ní mo mọ̀ ọ́n. Ǹjẹ́ ó yẹ kí n jókòó sínú ibòòji, kí n jẹ́ kí wọ́n máa dá a padà sínú irú oòrùn yẹn? Nílé wa, a kì í dá àgbà padà lẹ́nu ọ̀nà; bí a kò bá tilẹ̀ ní oúnjẹ, a ó fún un lómi. Mo ṣí orúkọ rẹ̀. Ìsàlẹ̀ bọ́tìnnì pupa, òmíràn wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ "Gbà á padà" sí. Mo ní, "Akápò, wọlé jàre, ìjókòó rẹ ṣì wà." Mo tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, kẹ́kẹ́ pa. Fóònù kò dún. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, kò dún. Ṣé o rí mi? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tó pa ẹkùn. Mo ránṣẹ́ sí Ijoun pé ọ̀rọ̀ ti parí, pé mo ti ṣílẹ̀kùn fún un. Obìnrin náà gun ọ̀kadà wá fúnra rẹ̀, ó gbé àdìyẹ funfun kan dání, àdìyẹ tó ń yé, kì í ṣe òròmọ. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé gan-an ni, tí ẹ kò jẹ́ kó máa dúró sínú oòrùn." Omi wà lójú rẹ̀. Mo gba àdìyẹ náà. Mo sọ ọ́ di ọbẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ata rẹ̀ sì dá múṣémúṣé.

Egungun ẹsẹ̀ àdìyẹ yẹn ni mò ń fọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wọlé láti Ìlarò. Ojú rẹ̀ ti wọlé bí ẹni tí kò sùn.

"Bàbá, kinní kan ti bàjẹ́ nínú iṣẹ́ mi, mi ò sì rí ibi tó ti bàjẹ́. Ìdánwò mi kò kọjá. Bí kò bá sì kọjá, kò ní jẹ́ kí n fi ohun tuntun kankan sára Adènà."

"Ìdánwò wo nìyẹn?"

"Èyí tí ẹ̀rọ ń ṣe fún ara rẹ̀. Ohun tuntun yẹn sì ni ìwé-ẹ̀rí Màmá wà nínú rẹ̀."

Mo fi ọgbọ́n àgbà bá a sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ṣé o ti pa á, kí o sì tún un tàn?" Ó rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú, ó lọ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Mi ò bi í ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bu ọbẹ̀ sí i.

Lọ́jọ́ ọjà, lọ́rì dé. Wọ́n gbé ẹ̀yìn rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀kùn ilé ìkẹ́rù, wọ́n ń kó àpò gbogbo wa sókè, tèmi wà nínú wọn. Àpò obìnrin náà nìkan ló ṣẹ́ kù nílẹ̀. Ó jókòó lé ọ̀kan, ó fi ìborùn bo orí, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Dírẹ́bà ń fun fèrè. Alága wa, tó ti ṣòwò pẹ́ lódìkejì ààlà lọ́hùn-ún tó sì máa ń da Faransé mọ́ ọ̀rọ̀ bí inú bá ń bí i, ń rìn yíká ọmọ ẹ̀gbọ́n mi.

"Ọmọ kọ̀ǹpútà, ṣé ó ti fínì, ṣé ó ti parí? Ṣé ká máa lọ ni? Kí ni Adènà rẹ ń sọ gan-an?"

Ọmọ náà yí kọ̀ǹpútà sí i. "Alága, ẹ wò ó. Kí n tó fi ohunkóhun kún Adènà, ó gbọ́dọ̀ dá mi lójú pé ó ṣì ń mọ àjèjì. Torí náà, mo kọ ohun kan tó ń rán àwọn ayédèrú lọ kànkùn. Èyí kò ní ìwé rárá. Èyí ní ìwé, ṣùgbọ́n kì í ṣe Bàbá ló fọwọ́ sí i. Ti èyí ti kọjá ọjọ́ rẹ̀. Adènà gbọ́dọ̀ lé gbogbo wọn. N kì í wà níbẹ̀. Ọ̀sán-ọ̀sán ló máa ń rán wọn lọ fúnra rẹ̀, torí ìgbà yẹn ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì máa ń dúró dáadáa."

"Ó lé wọn?"

"Ó lé wọn. Ó ku ẹnì kan, ẹni tí a ti fagi lé ìwé rẹ̀. Adènà ń dá òun náà padà tẹ́lẹ̀. Ṣàdédé ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣílẹ̀kùn fún un. Bí ẹni tí a ti lé bá ń wọlé, ìdánwò wó nìyẹn, gbogbo nǹkan dúró."

"Ta lẹni náà?"

Ọmọ náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Akápò ni."

Mo gbọ́ ọ. Ọ̀sán-ọ̀sán. Kànkùn. Dá padà. Ọ̀rọ̀ náà ń wọ inú mi lọ́kọ̀ọ̀kan bí òkúta tó ń bọ́ sínú kànga, mo sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń débẹ̀. Mo fẹ́ yọ́ lọ sẹ́yìn ilé. Mi ò tíì gbé ẹsẹ̀ tí obìnrin náà fi sọ̀rọ̀ láti orí àpò rẹ̀, pẹ̀lú ohùn ẹni tó fẹ́ ran ènìyàn lọ́wọ́.

"Bàbá Onídùúró ló ṣílẹ̀kùn fún un. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́ o. Wọ́n ṣàánú rẹ̀ ni. Wọ́n sọ fún mi."

Gbogbo ojú wá sọ́dọ̀ mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bàbá? Ẹ̀yin lẹ gbà á padà?"

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí Ọlọ́run kó sí èdè Yorùbá, èyí tó bọ́ sí mi lẹ́nu ni pé, "Oòrùn ń pa á ni."

Ẹ̀rín bú. Dírẹ́bà tó wà lókè lọ́rì fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. Alága dì mọ́ ikùn rẹ̀. "Ẹ ò ráyé! Onídùúró wa ti dúró fún òkú! Òkú wọlé, wọ́n fún un ní ìjókòó. Ìyàwó rẹ̀ tó wà láàyè jókòó síta, Adènà ò mọ̀ ọ́n!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyẹn kọ́ ló dùn mí. A ti fi mí rẹ́rìn-ín rí, a óò sì tún fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ti mọ́ mi lára. Ohun tó wó mi ni pé obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ti dìde lórí àpò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń wò.

"Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe òun ni?"

Ọmọ náà kúnlẹ̀ sórí èèpo kajú tó wà nílẹ̀. "Màmá, èmi ni. Ìwé inú fóònù tí ẹ kó lé mi lọ́wọ́ ni mo fi ń dán an wò. Nínú gbogbo ẹgbẹ́, òun nìkan la tíì fagi lé, mi ò sì ronú kọjá ibẹ̀. Ẹ dákun."

"Kì í ṣe òun."

"Kì í ṣe òun, Màmá."

Ẹ̀rín ti kúrò nílẹ̀. A ń gbọ́ ẹsẹ̀ ewúrẹ́ lẹ́yìn ilé. Ṣé kí n sọ òótọ́ fún ọ? Mo fẹ́ purọ́. Mo fẹ́ sọ pé bóyá ọjọ́ kan nínú àwọn ọjọ́ yẹn, òun ni. Ẹnu mi tilẹ̀ ti ṣí, ṣùgbọ́n obìnrin náà bojú wò mí, mo pa á dé.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kí n tún fagi lé e, pé bí mo bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, òun á tún ìdánwò ṣe lójú ẹsẹ̀, pé bó bá kọjá, ìwé-ẹ̀rí Màmá á jáde. Mo mú fóònù jáde. Mo rí orúkọ náà, mo rí bọ́tìnnì pupa. Ìka mi kọ̀. Níjọ́ kìíní, ẹ̀rù nìkan ló bà mí. Lọ́jọ́ yìí, obìnrin kan wà níwájú mi tí mo ti dá ọkọ rẹ̀ padà fún, tí mo tún fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú dírẹ́bà lọ́rì.

Ó dúró tì mí. Ó ní, "Bàbá Onídùúró, ẹ tẹ̀ ẹ́. Bó bá jẹ́ òun ni, kò ní kànkùn. Ìgbà wo ló kànkùn rí? Wẹ́rẹ́ báyìí ló máa ń wọlé, á ní kí ni mo sè." Ó fi etí ìborùn nu imú. "Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n gbé kajú mi."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà tẹ tirẹ̀ náà lórí kọ̀ǹpútà. Fóònù dún ní àtẹ́lẹwọ́ mi, gbogbo wa gbọ́ ọ, obìnrin náà gbọ́ ọ. Èmi nìkan ni mo ka ohun tó wà níbẹ̀, mo sì ti mọ̀ ọ́n kí n tó kà á. Lẹ́yìn náà, ojú kọ̀ǹpútà di aláwọ̀ ewé láti òkè dé ilẹ̀. Ìwé-ẹ̀rí obìnrin náà jáde, mo fọwọ́ sí i. Ó fi fóònù rẹ̀ kànkùn fúnra rẹ̀, Adènà sì ṣílẹ̀kùn fún un ní orúkọ ara rẹ̀. Àwọn tó rẹ́rìn-ín ni wọ́n gbé àpò rẹ̀. Àwọn àpò náà ni wọ́n gbé kẹ́yìn, àwọn ló wà lókè pátápátá nígbà tí lọ́rì yí jáde sí títì.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yọ orúkọ Akápò kúrò nínú ìdánwò rẹ̀. Ó dá ẹnì kan sílẹ̀ tí kò sí láyé, kò ní ìyá, kò ní ilé. Ó ní kí n dúró fún un, kí n wá fagi lé e. Mo ṣe méjèèjì láìbéèrè ọmọ ta ni. Láti ìgbà náà, bí fóònù mi bá dún lọ́sàn-án pé a ti dá ẹni yẹn padà, màá ní kó máa lọ, àwọn tó ní ilé gan-an kò ríbi wọ̀.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Òjò ti rọ̀ dáadáa, wọ́n ti ń gbin àgbàdo, nígbà tí èmi àti obìnrin náà pàdé lẹ́bàá ọ̀nà, tí àwa méjèèjì ń dúró de ọ̀kadà. Ó kí mi tọkàntọkàn, ó béèrè ara àwọn ọmọ. Mo ní kí n tọrọ àforíjì, mo ní, "Ìyàwó wa, ọ̀rọ̀ ọjọ́sí yẹn..."

Ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀." Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tó ń sọ àṣìṣe ara rẹ̀. "Láti ọjọ́ tí ẹ ti sọ fún mi pé ó ń wá, bí ọ̀sán bá ti ń súnmọ́, mo máa ń gbálẹ̀ ojúlé. Mo máa ń bu omi sínú kẹ́tùrù tó fi ń ṣe àlùwàlá. Mo máa ń ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, mo ní bóyá bí wọ́n bá lé e níbẹ̀, á rántí ilé."

Ọ̀kadà dé. Mo ní kó gùn ún lọ. Mo dúró síbẹ̀ títí mi ò fi gbọ́ ariwo rẹ̀ mọ́.

Àwọn ènìyàn mi ṣì ń fi "Oòrùn ń pa á ni" kí mi lọ́jà, mo sì máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Wọ́n rò pé ẹ̀rù tó bà mí ni ojú ń tì mí sí. Ẹ̀rù kì í ṣe ohun ìtìjú, gbogbo wa la ní tiwa. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tèmi wúwo jù fún mi láti dá gbé, mo sì gbé e lọ bá ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, mo pè é ní ìròyìn. Nígbà tó dé ọwọ́ rẹ̀, kò jẹ́ ẹ̀rù mọ́, ó ti di àlejò tí wọ́n ń retí. Èmi ń sá fún ọ̀rẹ́ mi. Òun ń gbálẹ̀ dè é. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ ènìyàn fún ọ̀rọ̀ tí a sọ, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀ ẹ́ fún ohun tí a bàjẹ́. Ojúlé tí obìnrin kan gbá lọ́sàn-án gangan, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi, fún ẹni tí kò ní í dé, mi ò tíì rí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀ fún ìyẹn.